Lekki Conservation Centre

Lekki Conservation Centre jẹ́ ọgbà igbó àdáyébá tí a dáàbò bò ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó wà lẹ́bàá òpópónà tí ó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ hẹ́kítà 78. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ni ó ń bójú tó o. Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni ọ̀nà onípákó tí ó gba inú irà kọjá, afárá orí igi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, àti àwọn ọ̀bọ móná tí ń gbé ibẹ̀.

Ìtàn

Olóyè S. L. Edu ni ó dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní ọdún 1980, kí ó lè máa dáàbò bo ẹranko, ewéko àti àyíká Nàìjíríà. Ní ọdún 1990 ni a dá ọgbà Lekki sílẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ epo Chevron. Iṣẹ́ méjì ni a gbé lé e lọ́wọ́: kí ó pa díẹ̀ mọ́ nínú igbó àti irà etíkun Èkó kí ilé tó gba gbogbo rẹ̀, àti kí ó jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ará ìlú yóò ti máa kọ́ nípa àyíká.

Ilẹ̀ àti ewéko

Ọgbà náà wà lórí ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ọ̀sà Èkó àti òkun Àtìláńtíìkì. Nítorí èyí, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yanrìn, omi kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Oríṣi ilẹ̀ mẹ́ta ni ó hàn níbẹ̀: irà tí omi ń dúró sí, pàápàá ní àsìkò òjò, igbó tí ó hù padà lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti lo ilẹ̀ náà rí, àti ọ̀dàn tí koríko pọ̀ sí. Igi ọ̀pẹ àti àgbọn wà lára àwọn igi tí ojú tètè máa ń rí.

Àwọn ọ̀nà ìrìn

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ọ̀nà onípákó. A gbé e sókè díẹ̀ kúrò lórí irà, kí àlejò lè rìn láìtẹ ẹrẹ̀, kí ẹsẹ̀ ènìyàn má sì ba gbòǹgbò igi àti ibùgbé àwọn ẹ̀dá kéékèèké jẹ́. Àwọn ibi ìdúró wà lójú ọ̀nà yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni àtíbàbà ìṣọ́ ẹyẹ tí ó kọjú sí omi: ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀ láìpariwo lè rí ẹyẹ, ọ̀nì tàbí awọ́nríwọ́n. Ilé kan tún wà tí a kọ́ sórí igi, tí a ń fi àkàbà gùn. Ọ̀nà onípákó ṣí sí pápá koríko kan níkẹyìn, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń sinmi.

Ọ̀nà kejì ni afárá orí igi, tí a parí ní ọdún 2015. Wọ́n sábà máa ń kà á sí èyí tí ó gùn jù lọ nínú irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Okùn irin ni a fi so ó kọ́ láti orí ilé-ìṣọ́ kan dé òmíràn, nítorí náà ó máa ń mì bí ènìyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti lè wo orí igi àti ewé, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ àti ọ̀bọ ti ń jẹun, tí ẹni tí ó wà nílẹ̀ kì í sì í rí dáadáa.

Àwọn ẹranko

Ọ̀bọ móná ni ẹranko tí àlejò máa ń bá pàdé jù. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ikùn rẹ̀ funfun, àmì funfun méjì sì wà ní ìbàdí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ìrù. Ìrù náà gùn ju ara rẹ̀ lọ. Agbo ni wọ́n ń dà. Wọ́n ń jẹ èso, ewé àti kòkòrò, wọ́n sì máa ń kó oúnjẹ pamọ́ sínú àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí wọ́n ti ń tu kóró èso dànù káàkiri ni wọ́n ń gbin igi tuntun sínú igbó.

Lára àwọn ẹranko yòókù ni ìgalà, ẹtu, òkété, ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀gà, ejò àti ìjàpá. Púpọ̀ nínú wọn ń sá fún ènìyàn, òmíràn sì jẹ́ pé òru ni ó ń jáde, nítorí náà ẹsẹ̀ wọn lórí ẹrẹ̀ ni a sábà máa ń rí. Ọ̀kín tí a ń sìn wà nínú ọgbà náà pẹ̀lú.

Ìpèníjà

Nígbà tí a dá ọgbà náà sílẹ̀, igbó àti irà ṣì pọ̀ ní àyíká rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi yanrìn dí irà Lekki láti kọ́ ilé, ọjà àti ọ́fíìsì, tí ọgbà náà fi dà bí erékùṣù láàárín ìlú. Ìṣòro ńlá ni èyí fún àwọn ẹranko: èyí tí ó bá dàgbà kò rí igbó mìíràn lọ, agbo tí ó bá sì ń gun ara wọn láàárín ìbátan nìkan lè di aláìlágbára bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ó kan ènìyàn pẹ̀lú. Irà ni ó máa ń gba omi òjò dúró. Bí a bá dí i, omi náà yóò wá ọ̀nà lọ sí ojú títì àti inú ilé.

Ìpèníjà mìíràn ti ọwọ́ àlejò wá. Ọ̀bọ tí ó bá ti mọ oúnjẹ ọwọ́ ènìyàn kì í bẹ̀rù mọ́. Ó lè já àpò gbà, ó lè géni jẹ, àìsàn sì lè ti ara ọ̀kan ran èkejì. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àlejò fún wọn ní oúnjẹ tàbí kí ó mú oúnjẹ dání lójú ọ̀nà.

Àbẹ̀wò

Àwọn àlejò máa ń san owó ìwọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹranko dáadáa yẹ kí ó tètè dé ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, kí èrò tó pọ̀. Bàtà tí kì í yọ̀ ṣe pàtàkì, nítorí pé pákó máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò.