Nígbà tí eré sísá di fàájì: ìtàn tó kan àwa oníṣòwò Jos

Àwọn àgbà wa ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán; bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Òwe yìí ló wà lọ́kàn àwọn tó ń rí wa láàárọ̀ Sátidé, tí àwa àgbààgbà ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ń sáré gba ọ̀nà Rayfield. Wọ́n á ní, "Bàbá, ta ló ń lé yín?" Kò sẹ́ni tó ń lé wa. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìsí ẹni tó ń lé wọn, torí ìtàn náà kàn wá gan-an.

Láyé àtijọ́, bí àgbàlagbà bá ń sáré, iṣẹ́ ni tàbí ewu. Ìránṣẹ́ ń sáré torí ọba rán an. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé lẹ́tà ìjọba láti ìlú dé ìlú. Ọdún 1914 ni rélùwéè dé Jos nítorí tánganran, àwọn èèyàn wa sì tẹ̀ lé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ rántí àwọn òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn. Ta ló máa sọ fún ẹni tó ń ru aṣọ láti abúlé dé abúlé pé kó lọ ṣe eré ìdárayá? Ẹsẹ̀ wọn ò sinmi. Àwa ọmọ wọn la wá jókòó sẹ́yìn káńtà láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ìjókòó yìí náà ló bẹ̀rẹ̀ eré fàájì. Ní Auckland, lórílẹ̀-èdè New Zealand, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Arthur Lydiard, ilé iṣẹ́ bàtà ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló kọ́ Peter Snell àti Murray Halberg tí wọ́n gba góòlù lọ́jọ́ kan náà ní Òlíńpíìkì Róòmù ọdún 1960. Lọ́dún 1962, ó kó àwọn àgbàlagbà jọ, àwọn tó ti jókòó sí ọ́fíìsì títí ikùn fi yọ, àwọn mìíràn tiẹ̀ ti ní àrùn ọkàn. Nígbà yẹn, ohun tí dókítà ń sọ fún alárùn ọkàn ni pé kó lọ sinmi. Lydiard ní kí wọ́n máa sáré díẹ̀díẹ̀.

Kò pẹ́ ni kóòṣì Amẹ́ríkà kan, Bill Bowerman, lọ kí i. Ẹni ọdún 51 ni Bowerman. Ó bá wọn sáré, àfi bí bàbá kan tó ti lé ní 70 ọdún, tí àrùn ọkàn ti kọlù rí, ṣe fi í sílẹ̀ sẹ́yìn! Bowerman gbé àṣà náà lọ sílé, ó bá dókítà kan kọ ìwé lé e lórí, ibẹ̀ ni jọ́gìn ti tàn káàkiri Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1970 tí wọ́n kọ́kọ́ sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ní New York, èèyàn 127 ló bẹ̀rẹ̀, 55 péré ló parí rẹ̀. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ló ń sá a.

Àwọn obìnrin náà jà kí wọ́n tó rí àyè. Lọ́dún 1967 ní Boston, òṣìṣẹ́ eré kan fẹ́ já nọ́ńbà kúrò lára Kathrine Switzer lójú títì. Ó sá a parí. Ọdún 1972 ni wọ́n tó gba obìnrin láàyè níbẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí, Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Edo bẹ̀rẹ̀ eré kìlómítà 10 orí òkè lọ́dún 2013, Èkó sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016.

Àmọ́ fún àwa tá a wà ní Jos, ọ̀rọ̀ eré ní ìtumọ̀ mìíràn. Ọjọ́ Jímọ̀, 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, gbogbo wa la sáré. A sáré pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, a fi ọjà sílẹ̀ níta. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọjà Terminus jóná. Látìgbà náà, bí ọmọdé kan bá sáré lójijì lójú títì, kíá ni wàá gbọ́ gbàgà! gbàgà! ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìdí.

Ìdí nìyí tí eré òwúrọ̀ Sátidé fi dùn mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Jos ga ju mítà 1,200 lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, òtútù rẹ̀ ń ta imú. Bí a bá gun òkè débì kan, èémí á fẹ́ẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ara á fúyẹ́, gbèsè àti owó ọjà á kúrò lọ́kàn. A ń sáré pẹ̀lú àwọn Bẹ̀róòmù, Haúsá àti Ìgbò. Èèyàn ogún á sáré kọjá, ìyá alákàrà á sì máa dín àkàrà rẹ̀ lọ, kò ní gbé ìkòkò rẹ̀ sá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe tó.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìlànà Bowerman: ẹ sáré débi tẹ́ ẹ ṣì lè máa bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀. Tí ọ̀rọ̀ ò bá jáde mọ́, ẹ dẹ eré. Tó bá sì rẹ̀ yín, ẹ máa rìn, a ó dúró dè yín.