Sísẹ́ Ọ̀nà BGP Pẹ̀lú Àmì Community

Community ni nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lẹ̀ mọ́ ìròyìn ọ̀nà nínú BGP, ìyẹn ìlànà tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńláńlá fi ń sọ fún ara wọn ibi tí wọ́n lè gbà dé ọ̀dọ̀ àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ilà ojú ló rí: kò lẹ́nu, ẹni tó bá mọ ilà ló ń fi í mọ ilé tí èèyàn ti wá. Asẹ́ tí a tò sínú rútà tàbí swíìṣì ló ń ka àmì yìí, òun ló sì ń pinnu ọ̀nà tí yóò jáde àti èyí tí yóò jókòó sílé.

Bí àmì náà ṣe rí

RFC 1997, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tó jáde lóṣù Kẹjọ ọdún 1996, ló fi community lélẹ̀. Bíìtì 32 ni, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ ní apá méjì, bíi 64500:100. Apá kìíní ni nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ni àmì. Ìtumọ̀ apá kejì wà lọ́wọ́ onílé. Ó lè fi 100 ṣe àmì ọ̀nà tó gbọ́ lẹ́nu oníbàárà, kó fi 200 ṣe ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan wà tí ìtumọ̀ wọn kò yàtọ̀ níbikíbi. NO_EXPORT, 65535:65281, ń sọ pé kí ọ̀nà má ṣe kọjá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbà á. BLACKHOLE, 65535:666, tí RFC 7999 fi lélẹ̀ lọ́dún 2016, ń ní kí wọ́n da dátà tó ń lọ sí àdírẹ́sì kan nù, pàápàá nígbà tí ọ̀tá bá ń rọ dátà lé e lórí. Nígbà tí nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá tóbi ju bíìtì 16 lọ, RFC 8092 mú large community wá lọ́dún 2017: bíìtì 96, nọ́ńbà mẹ́ta.

Títò asẹ́

Lórí ẹ̀rọ Cisco, a máa ń fi àmì lé ọ̀nà bó ṣe ń wọlé, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe fẹ́ jáde. Apá ìjáde nìyí:

ip community-list standard ONIBAARA permit 64500:100
route-map SITA permit 10
 match community ONIBAARA
router bgp 64500
 neighbor 192.0.2.1 route-map SITA out
 neighbor 10.0.0.2 send-community

Ọ̀nà tí kò bá ní àmì oníbàárà kò ní jáde sọ́dọ̀ 192.0.2.1, aládùúgbò wa níta, nítorí pé ohun tí route-map, ìyẹn asẹ́ náà, kò bá dárúkọ, kíkọ̀ ló ń kọ̀ ọ́. Ìlà tó kẹ́yìn ṣe pàtàkì: bí a kò bá kọ ọ́, àmì kò ní tẹ̀ lé ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ 10.0.0.2, rútà wa kejì. Bí a bá sì ń lẹ àmì tuntun láìfi ọ̀rọ̀ àṣẹ additive kún un, àwọn ti tẹ́lẹ̀ á pa rẹ́. Nọ́ńbà méjì lórí ìlà community-list kan túmọ̀ sí pé méjèèjì gbọ́dọ̀ pé. Bí ọ̀kan bá tó, ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la fi ń kọ wọ́n. Ó sì yẹ ká bọ́ àmì tó jọ tiwa kúrò lára ọ̀nà tó ń ti ìta bọ̀, kí àlejò má baà lo ilà onílé.

Ohun tí àṣìṣe ń fà

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àwọn ọ̀nà Google bọ́ láti ọwọ́ MainOne, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nílùú Èkó, sọ́dọ̀ China Telecom, dátà Google sì gba ibi tí kò yẹ. MainOne ṣàlàyé pé àṣìṣe nínú títò asẹ́ BGP ló fà á nígbà tí wọ́n ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe, àti pé ìṣẹ́jú 74 ni wọ́n fi yanjú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn asẹ́ tó ń gba alámì nìkan ju èyí tó ń lé alámì lọ. Bí àmì bá jábọ́, asẹ́ àkọ́kọ́ á dá ọ̀nà dúró, oníbàárà á sì tètè pariwo. Ìkejì á jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jáde, ará ìta ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀.