Ìlẹ̀kẹ̀ Igi ní Ọwọ́ Ọmọdé: Ẹ̀gbà Ọrùn Rastafari ní Alímọ̀ṣọ́ àti Ìtàn Ìlẹ̀kẹ̀ Yorùbá

Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn onímọ̀ tó ń kọ ìtàn ìlẹ̀kẹ̀ Yorùbá sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ìdí sì wà. Leo Frobenius wá sí Igbó Olókun ní 1910, ó sì kó àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì níbẹ̀. Ìwádìí tí Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017 ka ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 láti inú ilẹ̀ kan náà, ó sì fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ń po gíláàsì yìí, láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Láti Ifẹ̀, ìtàn a fò lọ sí Ìlọrin, sọ́dọ̀ àwọn agbo ilé tó ń gbẹ́ làǹtànà, òkúta pupa tí wọ́n ń lu nílu, tí wọ́n sì ń dán, kí ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú láti Yúróòpù tó gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Gíláàsì kì í jẹrà, òkúta kì í jẹrà. Igi ń jẹrà. Nítorí náà, ìtàn ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ jẹ́ ìtàn ìlẹ̀kẹ̀ ọba, ìjòyè àti olówó. Èyí tí ìyá àti ọmọ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé kò fi àmì kankan sílẹ̀ nínú ilẹ̀ fún ẹni tó ń hú u. Àlàfo yìí ló sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbà ọrùn onígi, tí àwọn òbí tó fẹ́ràn Rastafari ń sín pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn nílé, di ọ̀rọ̀ tó yẹ kí òpìtàn gbé yẹ̀ wò.

Lágídígba ni àpẹẹrẹ tó súnmọ́ ọn jù. Èèpo ekùrọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a fọ́ èèpo náà sí wẹ́wẹ́, wọn a lu ihò sí àárín rẹ̀, wọn a sín in sórí okùn, wọn a sì máa lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí etí rẹ̀ yóò fi rí róbótó. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni, ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀, nítorí ààtàn ni èèpo ekùrọ́ ìbá lọ tẹ́lẹ̀. Ìdí obìnrin ni ìlẹ̀kẹ̀ yìí ń gbé. Nígbà tí àwọn àgbà sì sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, irú ìlẹ̀kẹ̀ ilé báyìí wà lára ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ìlẹ̀kẹ̀ àti ọmọ kò jìnnà síra rí.

Àwọn kan gbà pé orin régè ló gbé Rastafari dé Èkó. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Jàmáíkà ni wọ́n ti dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n fi Ras Tafari jọba ní Addis Ababa ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá 1930, tó sì di Haile Selassie. Ṣùgbọ́n Marcus Garvey, ẹni tí àwọn Rastafari kà sí wòlíì, ti ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ UNIA rẹ̀ ní Èkó láti 1920, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìwúyè yẹn. Nígbà tí Ítálì sì gbógun ti Ethiopia ní 1935, ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó lára gan-an. Régè wá bá ilẹ̀ tí wọ́n ti ro. Majek Fashek gbé *Prisoner of Conscience* jáde ní 1988, Ras Kimono gbé *Under Pressure* jáde ní 1989, irun dídì àti àwọ̀ mẹ́ta náà sì gba ìgboro kan.

Ìdí tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn fi jẹ́ ti igi, ti èso tàbí ti èèpo àgbọn kò ṣòro. Ìgbàgbọ́ Rastafari yan ohun tó ti inú ilẹ̀ wá láàyò ju ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá rọ lọ, bí wọ́n ti ń ṣe nínú oúnjẹ wọn. Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń gbé ilé oníyàrá tó kọjú síra wọn, kò sí ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ náà. Èèpo àgbọn wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, àjákù pákó sì wà lẹ́sẹ̀ káfíńtà. Àgbà ni yóò fi òòlu lu ihò, nítorí òòlu kì í ṣe ohun ìṣeré. Ọmọdé yóò fá a títí yóò fi jọ̀lọ̀, yóò kùn ún, yóò sì sín in.

Kíkun yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń di ọ̀rọ̀. Àwọ̀ àsíá Ethiopia ni wọ́n ń lò: pupa fún ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kú, ìyeyè fún ọrọ̀ Áfíríkà, àwọ̀ ewé fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Mẹ́ta náà ni ìpín àwọ̀ Yorùbá àtijọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹ́ta yìí: funfun, pupa, dúdú. Ìyeyè ń bọ́ sábẹ́ pupa, àwọ̀ ewé sábẹ́ dúdú. Bí ìyá àgbà bá ní kí ọmọ mú ìlẹ̀kẹ̀ pupa wá, ọmọ náà lè mú oríṣi méjì wá, kó má sì ṣìnà.

Àwọn aládùúgbò náà ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà ka ìlẹ̀kẹ̀. Pupa pẹ̀lú funfun, ti Ṣàngó ni. Funfun nìkan, ti Ọbàtálá. Òtútù òpọ̀n ń bẹ lọ́wọ́ babaláwo. Ẹni tó rí àwọ̀ ewé àti ìyeyè lọ́rùn ọmọ kò ní kọ́kọ́ ronú kan Ethiopia. Bí irun ọmọ náà bá tún di, dàda ni wọn yóò pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń bí dàda ni, tí irun Rastafari sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí ènìyàn fúnra rẹ̀ jẹ́. Nínú ilé onígbàgbọ́ tàbí ti mùsùlùmí, ìkà yìí lè dá ìjà sílẹ̀ láàrin bàbá tó sín ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹbí ìyàwó rẹ̀. Kò sí èyí tó ṣàṣìkà nínú wọn. Èdè ìlẹ̀kẹ̀ méjì ló pàdé lọ́rùn ọmọ kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í gba ẹ̀gbà ọrùn mọ́ aṣọ wọn. Nítorí náà, ọmọ a bọ́ ọ sílẹ̀ láàárọ̀, a tún fi í sọ́rùn nírọ̀lẹ́, nínú ilé nìkan, níbi tí lágídígba náà ti máa ń wà, lábẹ́ ìró.