Ilé Ńlá Tó Di Ilé Ìwòsàn

Ẹni tó bá gba Kàbà kọjá sí Ìṣánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ láàárín ọdún á rí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní títì. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó, Àbújá àti òkè òkun ló kọ́ wọn. Kérésìmesì ni wọ́n ń ṣí i. Àwa máa ń fi wọ́n júwe ọ̀nà fún àlejò.

Àwọn ilé yìí ló wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ka ìtàn Harefield Park, lẹ́bàá London, ọ̀kan lára àwọn ilé ńlá tí àwọn olówó Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sí ìgbèríko ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914, Charles Billyard-Leake àti ìyàwó rẹ̀ Letitia, ará Ọsirélíà, yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìjọba orílẹ̀-èdè wọn láti fi tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́. Ó ṣí lọ́dún 1915. Bí ènìyàn 150 ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Nígbà tó yá, ibùsùn ju 1,000 lọ. Ibo ni ilé kan fẹ́ kó wọn sí? Ilé onípákó ni wọ́n tò sórí pápá tó yí i ká. Lẹ́yìn ogun, ìjọba Middlesex rà á fún àwọn tó ní ikọ́ ife. Ibẹ̀ náà ni Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ọkàn fún aláìsàn lọ́dún 1980.

Ní tiwa, Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì SIM tó ti Kánádà wá, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Ọdún 44 kọjá kí ilé ìwòsàn tó dé, ní 1952, pẹ̀lú Dókítà George Campion. Kò sí ilé olówó kankan tí wọ́n lè kó sí; wọ́n ní láti kọ́ ọ ni. Nígbà tó gbó, àjọ Samaritan's Purse láti Amẹ́ríkà ló wá bá ìjọ ECWA tún un ṣe. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó ká wa lára díẹ̀ pé wọ́n ní láti ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ilé bàbá rẹ̀ tọrẹ. Àtẹ̀gùn àti yàrá tóóró inú wọn ò tilẹ̀ rọrùn fún aláìsàn. Ní Harefield gan-an, ilẹ̀ tó yí ilé ká ló wúlò jù. Lẹ́yìn ọgbà àwọn ilé tiwa, ilẹ̀ wà, bóhòlù wà, jẹnẹrétọ̀ sì wà tí wọn kì í tàn ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lọ́dún.