Onílé Ni Kò Ní Gbà: Àgbàrá Òjò àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ẹnì Kọ̀ọ̀kan Wa

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Nígbà tí ọ̀tá bá dojú kọ ènìyàn la sábà máa ń pa òwe yìí, ká lè fi sọ fún un pé kó má káwọ́ gbera. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dá òwe náà padà síbi tó ti ṣẹ̀, ká gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa ilé, àti nípa ilẹ̀ tí ilé dúró lé. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí à ń bù lò lọ.

Apá méjì ló ní. Apá kìíní sọ ìwà àgbàrá: kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, ibi tó bá rẹlẹ̀ ló ń gbà, kò sì sẹ́ni tó lè bá a dá májẹ̀mú. Apá kejì ló gbé iṣẹ́ lé ènìyàn lọ́wọ́. Òwe náà kò ní kí onílé máa bẹ òjò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kó máa retí ọba tàbí ìjòyè. Ó ní onílé kò ní gbà. Àìgbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tó jẹ́ pé amọ̀ la fi ń mọlé, onílé tó bá fẹ́ kí ilé òun pẹ́ a máa la ojú àgbàrá kí omi lè rí ọ̀nà lọ, a máa fi amọ̀ rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri tí òjò èṣí ti jẹ, a sì máa tún òrùlé ṣe. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò ti ṣe gbogbo rẹ̀ parí. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí òjò ṣú kó tó máa wá ọkọ́, ó ti gbà fún àgbàrá nìyẹn.

Ìbàdàn fi ojú ara rẹ̀ rí ìtumọ̀ òwe yìí. Odò Ògùnpa, tó gba Agodi wọ àárín ìlú, ti kún bo ilé àti ọjà léraléra, ṣùgbọ́n èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbàgbé ni ti ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ 1980. Òjò rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Òkú tí wọ́n ṣà lé ní 200, àwọn tó pàdánù ilé àti ọjà kò sì lóǹkà. Lẹ́yìn ọdún 31, ní ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò ńlá mìíràn tún dé. Adágún omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, omi gbé afárá lọ, ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bá a rìn. Òjò pọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi fà tán, ohun méjì kan náà ni wọ́n bá nílẹ̀: ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi, àti ìdọ̀tí tí a kó sínú odò.

Ẹ jẹ́ ká súnmọ́ ẹnu afárá kékeré kan, ká wo bí odò ṣe ń dí. Ẹ̀ka igi kan ló máa kọ́kọ́ há síbẹ̀. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tí ẹnì kan mu tán tó sì jù sílẹ̀ á so mọ́ ọn. Ọ̀rá kejì á lẹ̀ mọ́ èkíní, abọ́ funfun tí wọ́n fi ń ta ìrẹsì á tẹ̀ lé e, sílípáàsì tó já, àkísà, ògbólógbòó tìmùtìmù. Nígbà tí omi kò bá lè la àárín wọn kọjá mọ́, yanrìn tó ń gbé bọ̀ á rọ̀ sẹ́yìn wọn. Kò ní pẹ́ tí koríko á fi hù lórí yanrìn náà. Afárá tí àgbàlagbà lè rìn gba abẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ajá lásán kò ní rí ibẹ̀ gbà mọ́. Kò sẹ́ni tó dìde lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ dí odò. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wa fi dí i.

Àwọn kan ní ọ̀bùn ni wá, pé ìyẹn la ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò gbà. Ẹ wo bí oúnjẹ ṣe ń dé ọwọ́ àwọn ìyá wa àgbà. Inú ewé ni ẹ̀kọ wà, inú ewé eéran ni mọ́ínmọ́ín wà, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Ẹni tó bá jẹun tán a ju ewé sí ààtàn. Ewúrẹ́ á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, òjò á mú ìyókù jẹrà, kó tó di àmọ́dún ó ti di ilẹ̀dú. Ìdí nìyí tí tẹ̀tẹ̀ fi máa ń hù létí ààtàn láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín. Jíju nǹkan sílẹ̀ kò ba ilẹ̀ jẹ́ nígbà náà. Ọwọ́ kan náà la ṣì fi ń jù ú lónìí; ohun tí ọwọ́ ń jù ló yí padà. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé. Ó kàn ń já sí wẹ́wẹ́ ni, èyí tí odò bá sì gbé dé òkun, ẹja á gbé e mì. Àṣà tó bá ewé mu la gbé fún ọ̀rá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú.

Ohun tí kò ní àwíjàre ni ti àwọn tó máa ń dúró de òjò. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, wọ́n á gbé ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan jáde, wọ́n á dà á sínú àgbàrá, wọ́n á sì wọlé tilẹ̀kùn. Wọ́n rò pé ó ti lọ. Ibo ló lọ? Ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ló lọ. Yorùbá ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a bá dà sómi, aláìṣẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tọ̀. Lẹ́yìn náà ló ń yí padà bọ̀ wá bá ẹni tó dà á: ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́ á gé, ọjà tó ti ń rajà á kún fún ẹrẹ̀, omíyalé á ru ẹ̀gbin ilé ìgbẹ́ sínú kànga. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni onígbáméjì ń bá rìn, àrùn tó tún bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní oṣù Kẹfà 2024 tó sì gba ẹ̀mí.

Báwo wá ni onílé òde òní ṣe máa kọ̀ fún àgbàrá? Ẹnu ọ̀nà ilé ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá tí kò wọlé, kò ní dé gọ́tà. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà, kó mú àpò dání láti ilé. Ẹni tó fẹ́ ra oúnjẹ, kó gbé abọ́ tàbí kúlà lọ bá olóúnjẹ, ara olóúnjẹ pàápàá á yá gágá nítorí owó ọ̀rá rẹ̀ dín kù. Ìyá tó ń se mọ́ínmọ́ín, kó padà sí ewé. Adùn rẹ̀ kò kúkú láfiwé. Ìjọba Èkó fòfin de abọ́ funfun tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ ní oṣù Kìíní 2024, ó sì tún ka àwọn ike àlòsọnù mìíràn léèwọ̀ láti 1 oṣù Keje 2025. Ohun tó dára ni, àmọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń dí odò kò yẹ kó dúró de òfin.

Èyí tó bá wọlé ńkọ́? Kí a yà á sọ́tọ̀. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́ ti ewúrẹ́. Bí kò bá sí ewúrẹ́, kí a wa kòtò kékeré sẹ́yìn ilé, kí a máa kó o sí i, kí a máa bu erùpẹ̀ bò ó, kí a fi gbin ewédú. Ike, agolo àti irin ní àwọn tó ń rà wọ́n káàkiri àdúgbò. Kí a má dáná sun ọ̀rá o, nítorí májèlé ni èéfín rẹ̀, àyà àwọn ọmọ wa ló sì ń wọ̀. Agolo àti ike tí a jù sẹ́yìn ilé ń gba omi òjò sínú, ẹ̀fọn ń yé síbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tanwíjí á ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ìdí nìyẹn tí àwọn wolé-wolé ìgbà kan fi ń yọjú wo inú ìkòkò omi.

Ilẹ̀ àyíká ilé náà ní ẹ̀tọ́. Òjò tó bá rọ̀ sórí erùpẹ̀, ilẹ̀ ń mu nínú rẹ̀. Èyí tó bá rọ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, gbogbo rẹ̀ ló di àgbàrá. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì bo ọgbà rẹ̀ pátá kí ẹrẹ̀ má baà dà á láàmú, ilé aládùúgbò ló darí omi sí. Ẹ fi ibì kan sílẹ̀ fún koríko àti igi eléso. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sí omi òṣòòrò, ẹ ó rí omi fọṣọ, àgbàrá náà á sì dín kù.

Ní ti gọ́tà iwájú ilé, àwa fúnra wa ló yẹ ká máa kó o. Láyé ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon, 1984 sí 1985, ìbẹ̀rù sójà ló ń mú àwọn ènìyàn tún àyíká ṣe. Nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, ọ̀pọ̀ jáwọ́. Iṣẹ́ tí a kò fìfẹ́ ṣe kì í tọ́jọ́. Ohun kan tún wà tí a máa ń ṣe ní àṣìṣe: a ó kó yanrìn inú gọ́tà, a ó sì kó o jọ sétí gọ́tà náà. Òjò kan péré ló máa gbá a padà sínú rẹ̀. Kí a fi bárò gbé e lọ di kòtò ojú ọ̀nà.

Ìjọba ńkọ́? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba ló lágbára láti gbẹ́ odò, láti rán ọkọ̀ akólẹ̀ sí àdúgbò, àti láti dá ẹni tó ń kọ́lé sójú ọ̀nà omi dúró, ó sì yẹ ká máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn láìdákẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó lè di ọwọ́ tó fẹ́ ju ọ̀rá láti ojú fèrèsé dánfó mú. Ọlọ́wọ́ nìkan ló lè dá a dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí òjò tún bá wa lójijì. Ẹ pe àwọn aráalé, àwọn ayálégbé àti aládùúgbò jọ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ kó gọ́tà, kí ẹ sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò ní da ìdọ̀tí sí i mọ́. Ẹ fi han àwọn ọmọ yín bí a ti ń ṣe é, kí ó lè mọ́ wọn lára.