Igba Ebè Nínú Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà

Àwọn ọ̀dọ́ a máa sọ pé òǹkà Yorùbá kò wúlò mọ́ ju kí a fi ṣe ìdánwò lọ. Èmi pàápàá ti sọ bẹ́ẹ̀ rí fún bàbá mi ní oko wa lẹ́bàá Arámọkọ, ní ọ̀nà Ìjerò. Igba igba ni bàbá mi fi ń ka ebè iṣu. Iye igba tí alágbàṣe bá kọ ni wọ́n ń wò san owó rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo ka ìtàn ẹ̀rọ IBM 1311 tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1962. Ní ọdún 1963, IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, olú-ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Àkójọ àwo mẹ́fà ni ẹ̀rọ 1311 ń lò. A lè yọ ọ́, kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwo tuntun dà bí ilẹ̀ tí a kò tí ì kọ. Ojú àwo 10 ni ẹ̀rọ náà ń lò. Ipa roboto 100 wà lórí ojú kọ̀ọ̀kan. A la ipa kọ̀ọ̀kan sí ìpín 20, ìpín kọ̀ọ̀kan sì gba lẹ́tà 100. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ àdírẹ́sì sí ìpín kọ̀ọ̀kan, láti 000000 dé 019999. Láìsí àdírẹ́sì yìí, kò ní mọ ibi tí ohun tí a fi pa mọ́ wà.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ipa mẹ́wàá tí ó wà ní ọ̀gangan ara wọn lórí ojú àwo 10 jẹ́ ìpín 200: igba géérégé! Lẹ́tà tí ó wọ inú igba ìpín náà jẹ́ 20,000. Ọ̀kẹ́ kan nìyẹn, iye owó ẹyọ tí ó ń kún àpò kan láyé àtijọ́. Lẹ́tà inú gbogbo àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́.

N kò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni IBM ti kọ́ òǹkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ igba àti ọ̀kẹ́ yóò ka àwo náà láìlo ìwé. Bàbá mi ìbá ti kà á. Ó ti papò dà kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ń ka ebè ní ìlú yín? Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà.