Ògbufọ̀ ní Kóòtù: Ẹ̀tọ́ Tí A Kò Gbọdọ̀ Tijú Béèrè



Mo tẹ̀lé bàbá kan ládùúgbò wa lọ sí kóòtù. Wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí lédè òyìnbó, bàbá ń mi orí. Wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi, ó ní “Yẹ́ẹ̀sì sà.” Lọ́yà rẹ̀ ló sáré dìde. Bàbá kò gbọ́ nǹkan kan; ojú ló ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ìtìjú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1920, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, wọkọ̀ ojú omi lọ sí London nítorí ilẹ̀ Apápá tí ìjọba gbà. Herbert Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀. Ní 1921, Privy Council, tó jẹ́ kóòtù ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, dá Olúwa láre pé gbogbo ará ìlú ló ni ilẹ̀, owó rẹ̀ sì tọ́ sí wọn. Àwọn adájọ́ náà kìlọ̀ pé kí a má fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa.

Lónìí, abala 36 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀sùn náà ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1983, nínú ẹjọ́ Gwonto, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé nígbà tí ìgbẹ́jọ́ ń lọ lọ́wọ́ ló yẹ kí èèyàn béèrè. Ẹni tó dúró di ìgbà ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè pàdánù ẹ̀tọ́ náà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fún yín ní ògbufọ̀ Haúsá, tó sì jẹ́ Haúsá ọjà nìkan lẹ gbọ́, ẹ sọ fún adájọ́ pé Yorùbá lẹ fẹ́.

Nígbà tí wọ́n mú ògbufọ̀ wá fún bàbá yẹn, ó rojọ́ ara rẹ̀ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀sùn náà kò dúró. Ilé rẹ̀ ló sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí Ọlọ́run má fi ẹjọ́ ṣe tiwa o.